Omi Táńkì Ẹja Òkun Tó Rú: Èwo Nínú Ọ̀nà Méje Yìí Ló Bá Tiyín Mu?

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kan, iná ti lọ láti òru mọ́jú, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táńkì ẹja òkun mi, mi ò sì rí òkúta tó wà láàárín rẹ̀. Táńkì kékeré ni, lítà 60 péré ló gbà. Omi tó tòrò nini nígbà tí mo fẹ́ sùn ti funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Clownfish mi méjèèjì ti gòkè, wọ́n na ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgò oògùn amómi-tòrò kan wà nílé, èyí tí ẹni tó tà á fún mi sọ pé kò sí omi tí kò lè mọ́. Mo dà á sí i. Wákàtí méjì kọjá, omi ò tòrò, ẹja kan sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí iyanrìn.

Ìgbà tí mo gbé òkúta ẹ̀yìn kúrò ni mo tó rí ìgbín kan tó ti kú sínú ìkarahun rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Ìgbín yẹn ni oúnjẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó sọ omi di funfun. Àwọn kòkòrò náà ni wọ́n ń bá ẹja mi du ọ́síjìn. Pọ́ǹpù tí ìbá máa da omi pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ sì ti kú láti òru nítorí iná. Kò sí ohun tí oògùn inú ìgò lè ṣe sí èyíkéyìí nínú wọn. Ẹja kan yè. Èkejì ò yè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà méje ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbà tọ́jú omi iyọ̀ tó rú. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti wúlò, àmọ́ ríru kan ò jọ ìkejì, ẹni tí kò bá sì mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀ yóò kàn máa náwó ni.

Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Ìbéèrè mẹ́rin ni. Irú ríru wo ló ń tọ́jú? Ṣé ó ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹja ni, àbí ó ń fi kún un? Èló la ó fi rà á, èló la ó sì máa ná lé e lóṣooṣù, wáàtì mélòó ló sì ń jẹ tó bá jẹ́ pé ínfátà ló ń gbé e? Ta ló ń gbé inú táńkì: ẹja nìkan, àbí edé, ìgbín àti iyùn abẹ̀mí wà níbẹ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló le jù, ife gíláàsì kan ni mo sì fi ń dáhùn rẹ̀. Ẹ bu omi táńkì kún ife tó mọ́, ẹ gbé e sórí bébà funfun níbi tí kò sí ìdàrúdàpọ̀, kí ẹ máa wò ó. Bí ó bá ń mọ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè láàárín ìṣẹ́jú méjì, hóró afẹ́fẹ́ lásán ni; pọ́ǹpù yín ló ń fa afẹ́fẹ́ mu, ẹ rọ̀ ọ́ sísàlẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí ìyẹ̀fun funfun ti sílẹ̀ sí ìdí ife, tí òkè rẹ̀ sì mọ́ gaara, eruku iyanrìn ni, tàbí kálísíọ́ọ̀mù tó dì. Bí ó bá ṣì funfun láti òkè délẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òru, kòkòrò àìfojúrí ni. Bí àwọ̀ ewé bá hàn sórí bébà, algae, ewé omi tíntìntín, ló ń léfòó nínú omi. Bí omi bá sì mọ́ ṣùgbọ́n tó pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, kò sí ohun tó ń léfòó níbẹ̀ rárá, àwọ̀ oúnjẹ jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹja tó ti yòrò ni.

Nígbà tí ife yẹn bá wà lórí tábìlì, ẹ ṣe ohun kan tí kò ní dúró de èsì: ẹ yí ẹnu pọ́ǹpù sókè kí ojú omi máa ru. Omi iyọ̀ kì í gba ọ́síjìn tó omi odò. Ní 25°C, omi tí kò níyọ̀ lè gbé nǹkan bíi míligíráàmù 8 nínú lítà kan. Omi òkun kò ju nǹkan bíi 6.7 lọ. Bí yàrá bá sì gbóná dé 30°C, bó ṣe máa ń rí nílùú Èkó nígbà tí kò bá síná, ó tún dín kù sí i. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ni ohun tí mo máa kọ́kọ́ rà kí n tó ra ohunkóhun mìíràn tí mo fẹ́ dárúkọ nísàlẹ̀ yìí.

Kí a fi í sílẹ̀ kó tòrò fúnra rẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni, òun sì ni ìdáhùn tó tọ̀nà ju bí àwọn olùtajà ṣe ń sọ lọ. Táńkì tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da iyanrìn sí yóò tòrò láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta bí eruku bá ti sílẹ̀. Funfun tó máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì táńkì tuntun ń bọ̀ láti ara àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Bí oúnjẹ wọn bá ti tán, wọn á dín kù. Àwọn kòkòrò rere tó ń sọ amóníà (oró tó ń wá láti ara ìgbẹ́ ẹja àti ohun tó ń jẹrà) di náítíráìtì, tí wọ́n tún ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀ lára òkúta àti iyanrìn. Ẹni tí kò tíì fi ẹja síbẹ̀, kó fọwọ́ lẹ́rán.

Àwọn tó ń sin iyùn, tí wọ́n ń fi kálísíọ́ọ̀mù àti ohun tó ń gbé dKH (ìwọ̀n ohun inú omi tí kì í jẹ́ kó kan) ga kún omi wọn, máa ń rí i kí omi funfun lójijì bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Wọ́n da méjèèjì sójú kan náà lásìkò kan náà ni, àwọn méjèèjì sì dì mọ́ra wọn. Ẹ má tún fi nǹkan kan kún un. Ẹ dúró, ẹ wọn dKH títí yóò fi wà láàárín 8 sí 12, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wákàtí bíi mélòó kan wà láàárín èkínní àti èkejì.

Bí ẹja bá wà níbẹ̀, a lè dúró bí amóníà bá jẹ́ 0 tí wọ́n sì ń mí jẹ́jẹ́. A ó dín oúnjẹ kù: ohun tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹja àgbà tí ara rẹ̀ le lè lo ọjọ́ méjì láìjẹun láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń rùn, tàbí tí nǹkan kan nínú táńkì bá di àwátì, dídúró di àṣìṣe.

Pípààrọ̀ omi

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù nìyí fún omi tó ti lóró, kì í ṣe fún omi tó rú lásán. Amóníà léwu nínú omi iyọ̀ ju bó ṣe léwu nínú omi odò lọ, torí pé pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí tí kò kan) táńkì òkun máa ń wà láàárín 8.1 sí 8.4, apá tó ń pa ẹja lára rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i bí pH bá ṣe ga. Bí ohun èlò ìdánwò yín bá ti fi ju 0 hàn, ẹ pààrọ̀ omi lónìí. Fún funfun ti kòkòrò àìfojúrí, pípààrọ̀ yóò dín oúnjẹ wọn kù, àmọ́ àwọn tó kù lè tún pọ̀ sí i ní ọ̀la, nítorí náà ẹ má retí pé omi yóò mọ́ kíá.

Owó ibẹ̀ wà lórí iyọ̀. Ìdá márùn-ún lítà 60 jẹ́ lítà 12. Iyọ̀ táńkì òkun tí yóò gbé lítà 12 dé 1.025 tàbí 1.026 lórí refractometer (ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi) jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 420 sí 460. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní máginísíọ́ọ̀mù àti kálísíọ́ọ̀mù tí omi òkun ní. Omi ni a ń kọ́kọ́ bù, a ó wá máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí pọ́ǹpù ṣe ń rò ó. Ẹni tó bá da omi lé iyọ̀ lórí yóò rí i pé apá kan rẹ̀ dì, omi náà á sì ti rú kó tó dénú táńkì rárá.

Ibi tí omi ti ń wá gan-an ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa, torí mo ti rí táńkì tó jẹ́ pé omi tuntun ló ń ba ti àtijọ́ jẹ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀hóòlù l'Ékòó ní irin nínú. Ó máa ń mọ́ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bí afẹ́fẹ́ bá wá bá a fún wákàtí díẹ̀, á pọ́n, á sì rú. Ẹ bu tiyín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan, kó sùn síbẹ̀, ẹ ó rí i. Omi tó ń kán láti ara AC mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó gba ara irin kọ́pà kọjá. Kọ́pà díẹ̀ báyìí ti tó láti pa edé àti ìgbín. Píọ̀ wọ́tà dára bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ń lo ẹ̀rọ RO, èyí tó ń sẹ́ ohun tó ti yòrò kúrò nínú omi. TDS mítà kékeré, èyí tó ń wọn ohun tó ti yòrò sínú omi, ni yóò sọ òótọ́ fún yín: bí nọ́ńbà bá ti sún mọ́ 0, ó dára, bó bá ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ wá òmíràn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London, omi ẹ̀rọ tiyín ní kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀ àti kílọ́rínì. Ẹ̀rọ RO kékeré ló tọ́ sí yín.

Omi òkun gidi ńkọ́? Láti etí òkun Èkó, ó ṣeé ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá mọ́. Nígbà òjò, omi ọ̀sà máa ń tú sínú òkun pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ìlú, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú rẹ̀ náà máa ń kú bí a bá gbé e wálé, wọn á sì jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kó wọn iyọ̀ rẹ̀, kó tó lò ó. Fún táńkì lítà 60, èmi ò rí èrè nínú wàhálà yẹn.

Fáíbà

Bí ohun kan ṣoṣo ni mo bá lè rà, fáíbà ni. Fáíbà funfun tí wọ́n fi ń kún ìrọ̀rí náà ni, ẹ ó rí i rà lọ́jà níbi tí àwọn télọ̀ ti ń ra nǹkan wọn, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni. Kó má ti ní lọ́fínńdà, kí wọ́n má sì ti fi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó gbiná sára rẹ̀. Ẹ já bíi ẹ̀kúnwọ́, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi láìfi ọṣẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ibi tí omi ń gbà wọnú fíltà, kí omi má lè yà á sílẹ̀. Bí ẹ bá kì í mọ́lẹ̀ jù, omi á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, fáíbà á sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí.

Ó ń mú eruku, ìgbẹ́ ẹja, kálísíọ́ọ̀mù tó dì àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Ní ilé mi, eruku iyanrìn tó máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta mọ́ láàárín òru kan. Kòkòrò àìfojúrí kéré ju ihò rẹ̀ lọ, nítorí náà kò lè mú wọn, ṣùgbọ́n ó ń mú oúnjẹ wọn. Kò gba iná kún ti fíltà tó wà tẹ́lẹ̀, kò sì pa ohunkóhun lára. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni ìmẹ́lẹ́ wa. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ó yẹ kí ẹ ti jù ú nù. Èyí tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì ti di ààtàn inú omi.

Èédú

Mi ò sọ èédú ìdáná. Èédú tí wọ́n ṣe fún fíltà, tí wọ́n ń pè ní activated carbon, ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń gba àwọ̀ àti òórùn mọ́ra. Fún omi tó pọ́n bíi tíì, kò sí èkejì rẹ̀: ọjọ́ kan sí méjì, gíláàsì yín á dà bí ẹni pé kò sómi nínú rẹ̀. Fún funfun àti àwọ̀ ewé, kò ṣe nǹkan kan tí ẹ lè fojú rí. Kì í mú amóníà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, torí eruku dúdú ara rẹ̀ lè tún rú omi, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Iná UV

Ohun tó gba owó nìyí, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Omi á máa gba inú ọ̀pá kan kọjá lẹ́bàá gílóòbù UV. Algae tàbí kòkòrò tó bá kọjá níbẹ̀ á kú tàbí kó má lè bí mọ́. Fún omi aláwọ̀ ewé, òun ni ọba. Mo ti wo omi tó dà bí ọbẹ̀ ewédú kó di mímọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ó ń dín funfun ti kòkòrò àìfojúrí kù pẹ̀lú, kì í sì í pa àwọn kòkòrò rere, torí ara òkúta ni wọ́n lẹ̀ mọ́, wọn kì í gba ibẹ̀ kọjá. Eruku tó bá gbabẹ̀ kọjá, eruku náà ni yóò tún jáde.

Fún táńkì kékeré, wáàtì 5 sí 9 tó. Ínfátà lè gbé e, ṣùgbọ́n ó ń fi ooru kún omi, èyí kì í sì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nínú yàrá tó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Gílóòbù rẹ̀ máa ń rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró á ṣì máa tàn, agbára á ti lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sára rẹ̀. Ẹ má sì tẹjú mọ́ iná náà bí kò bá sí nínú ọ̀pá rẹ̀.

Protein skimmer

Hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń rán gba inú omi; ọ̀rá àti ohun tó fẹ́ jẹrà á lẹ̀ mọ́ wọn, fóòmù á gùn sókè, á sì dà sínú ife kan ní omi dúdú tó ń rùn. Gbogbo ìdọ̀tí inú ife yẹn ni ì bá ti di oúnjẹ kòkòrò. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, òun ló ń fi ọ́síjìn kún omi jù bó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó ń dènà ìṣẹ̀lẹ̀ bíi tèmi kó tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe oògùn pàjáwìrì: tuntun rẹ̀ máa ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan kí fóòmù rẹ̀ tó dúró dáadáa, òróró ọwọ́ lásán sì lè dá a dúró. Owó rẹ̀ ló ga jù, àwọn kékeré rẹ̀ máa ń pariwo, wọ́n sì máa ń kún àkúnya. Lójú tèmi, táńkì tí kò tó lítà 40 kò nílò rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tuntun kan lọ́sẹ̀ á ṣe iṣẹ́ náà.

Oògùn amómi-tòrò, àti álọ́ọ̀mù

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ jọ di ńlá kí fáíbà lè mú u. Bí ẹ kò bá ní fáíbà tó mọ́ níbẹ̀, ibo ni ìdọ̀tí náà fẹ́ lọ? Orí iyùn àti ara ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí ni. Ẹ rí i pé ara ìgò sọ ọ́ kedere pé ó wà fún omi iyọ̀, kí ẹ sì yẹra fún èyíkéyìí tó ní kọ́pà. Mo gbà pé ó lè bá wa mú eruku kúrò. Mi ò ní lò ó mọ́ nígbà tí ẹja bá ń mí hẹlẹ.

Àwọn ìyá wa máa ń fi álọ́ọ̀mù sínú omi kànga kó lè tòrò, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan lè fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nínú táńkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Álọ́ọ̀mù ń jẹ dKH, ó ń fa pH wálẹ̀, ohun tí ẹja òkun kò sì lè fara dà ni kí pH já lójijì.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ to táńkì, tí kò tíì sí ẹja níbẹ̀: fáíbà àti sùúrù. Kó tọ́jú owó yòókù fún ìgbà tó bá fẹ́ ra ẹja.

Ẹni tí ojú fèrèsé wà lẹ́bàá táńkì rẹ̀, tí omi ń di àwọ̀ ewé léraléra: kó kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì, kó dín wákàtí iná táńkì kù sí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí kò bá tán, UV.

Ẹni tó ní ẹja púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú lítà 60 tí kò sì fẹ́ fi wọ́n fún ẹlòmíràn, tàbí tó ń sin iyùn: skimmer, kó ṣe é kí wàhálà tó dé. Ẹni tí iná kì í dúró ládùúgbò rẹ̀, kí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ṣáájú skimmer àti UV lọ́nà jíjìn, torí gbogbo ohun tó ń lo iná yóò kú lálẹ́ tí ẹja nílò wọn jù. Kó sì ṣọ́ra fún fíltà tó ti kú fún wákàtí púpọ̀. Kó da omi inú rẹ̀ nù kó tó tún tàn án, torí omi yẹn ti jẹrà.

Ẹni tó jẹ́ pé omi rẹ̀ mọ́, àmọ́ tó pọ́n: èédú, owó kékeré.

Ẹni tí ẹja rẹ̀ ń na ẹnu sójú omi ní àárọ̀ òní, kó fi gbogbo ọjà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́: bí iná kò bá sí, kó máa fi ife bu omi táńkì, kó máa dà á padà láti òkè, ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀. Kó wọn amóníà. Kó pààrọ̀ ìdá márùn-ún omi pẹ̀lú omi tó ti bá iyọ̀ àti ooru táńkì dọ́gba. Lẹ́yìn náà kó gbé òkúta kọ̀ọ̀kan sókè, kó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kó sì ka àwọn ìgbín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.